Ìbéèrè Òǹkàwé: Plywood Tó Jẹrà Lára Ọkọ̀ Ojú Omi Àtijọ́

Ìbéèrè kìíní, láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Mo kí yín, ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Aládùúgbò mi kan tó ti dàgbà ló fún mi ní ọkọ̀ kékeré onígbòkun tí wọ́n ń pè ní Mirror, ó ní kí n máa fi kọ́ àwọn ọmọ mi bí a ṣe ń tu ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ọkọ̀ náà ti wà nínú ọgbà rẹ̀ lábẹ́ tapólì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dojú sókè, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí i wò. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán ni mo rí i pé plywood ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní igun kan lápá ìdí ọkọ̀, ti rọ̀ débi pé àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Plywood tó bo iwájú ọkọ̀ náà ti dúdú ní àwọn igun rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n da resin polyester (gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le) lé e lórí, kí n fi aṣọ fáíbà bò ó, kí n sì kùn ún lọ́dà. Ẹlòmíràn ní igi ìdáná lásán ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Irú plywood wo ni kí n sì rà?

Ìdáhùn

Ẹ má gbọ́ ti èyíkéyìí nínú wọn. Ọkọ̀ tí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì jẹrà lára rẹ̀ kò tíì di igi ìdáná rárá, ẹni tó bá sì ní sùúrù, tó lè lo ayùn àti ìfági níwọ̀nba, lè tún un ṣe kó tó ọ̀pọ̀ ọdún sí i lórí omi. Ṣùgbọ́n fífi resin bo igi tó ti jẹrà burú ju kéèyàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rinrin tó wà nínú igi náà kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ìjẹrà á sì máa ràn lábẹ́ ibi tí ojú kò tó, títí dìgbà tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á fi já lójú agbami.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, torí pé bí wọ́n ṣe kàn án ló sọ ibi tí omi ń gbà wọ̀ ọ́. Ọdún 1962 ni Jack Holt, tó jẹ́ ayàwòrán ọkọ̀, àti Barry Bucknell, tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé, gbé e jáde. Ìwé ìròyìn Daily Mirror ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, orúkọ ìwé ìròyìn náà ló sì ń jẹ́. Gígùn rẹ̀ kò ju mítà 3.3 lọ, èyí tí wọ́n sì ti kàn nínú irú rẹ̀ lé ní 70,000. Wọn kì í to egungun ọkọ̀ kí wọ́n tó fi ìṣó kan pákó mọ́ ọn bíi ti àtijọ́. Ńṣe ni wọ́n gé plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n fi wáyà bàbà rán etí rẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí télọ̀ bá ń rán aṣọ, wọ́n sì fi téèpù fáíbà àti resin polyester lẹ ojú rírán náà nínú àti lóde. Ọgbọ́n yìí ló jẹ́ kí aládùúgbò yín, tí kì í ṣe káfíńtà, lè kan ọkọ̀ ní ilé ara rẹ̀. Àìlera ibẹ̀ ni pé polyester kì í di igi mú pẹ́ títí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni téèpù náà á máa ṣí kúrò lára plywood díẹ̀díẹ̀, omi á sì rí àlàfo wọ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Omi wo ni? Omi òjò ni mo ń sọ o. Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹ̀bi ìjẹrà ru omi òkun, ṣùgbọ́n omi tí kò níyọ̀ ló ń ba ọkọ̀ onígi jẹ́ jù. Ohun tó ń jẹ igi rà jẹ́ ẹbí olú tó ń hù lára ìtì igi nínú igbó, kò sì lè dàgbà láìsí omi. Bí omi inú igi bá wà lábẹ́ ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà nígbà tó gbẹ, kò lè rí nǹkan kan ṣe. Bí omi náà bá tó ìdá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí atẹ́gùn díẹ̀ sì wà níbẹ̀, á gbilẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kó gbèrú, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ńlá láyé àtijọ́ fi máa ń da iyọ̀ sí àárín egungun ọkọ̀. Ọkọ̀ tiyín dojú sókè lábẹ́ tapólì, òjò ń rí ojú ihò kọ̀ọ̀kan gbà wọlé, tapólì kò jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ, gbogbo omi náà sì ń ṣàn lọ sí igun tó rẹlẹ̀ jù lápá ìdí ọkọ̀. Kí ẹ tó mú ayùn, ẹ wá ojú ibi tí omi ti wọ̀: téèpù tó ṣí, ihò sìkúrúù tí wọn kò dí, etí plywood tí ọ̀dà ti bó kúrò lára rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá lẹ àbùlẹ̀ tuntun láìdí ọ̀nà omi yóò tún padà gé ibi kan náà.

Ibi tó jẹrà fẹ̀ ju ibi tí ojú rí lọ nígbà gbogbo. Ẹ mú èèkù tọnawíìsì, ẹ máa fi gbá gbogbo ara ọkọ̀ láti ibi tó le wá sí ibi tó rọ̀, ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Igi tó yè kooro á dún kó-kó. Ibi tó ti ń jẹrà á dún bù-bù, kódà bí ọ̀dà ojú rẹ̀ bá ṣì ń dán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlu tó mú gún un ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Bí igi náà bá yè, ẹ̀ẹ́rún gígùn ni yóò bá ìlu jáde, yóò sì máa dún bó ṣe ń ya; bí ó bá ti jẹrà, kúkúrú ni yóò dá, láìyọ ẹ̀ẹ́rún kankan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tó bá dá kúkúrú. Ẹ má ṣe gbójú fo ẹsẹ̀ pákó ìdí ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ àpótí tí pákó àárín ọkọ̀ ń gbà bọ́ sínú omi, àti inú àwọn àpótí atẹ́gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní iwájú, ní ìdí àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé omi tó bá dé inú àpótí wọ̀nyẹn kì í tètè gbẹ.

Ní ti iwájú ọkọ̀ tó dúdú, ẹ fi ìlu dán an wò kí ẹ tó bọkàn jẹ́. Omi tó bá wọ abẹ́ fáníìṣì máa ń sọ igi di dúdú láìjẹ́ pé igi náà ti jẹrà. Bó bá ṣì le, ẹ há fáníìṣì kúrò, kí ẹ fi oxalic acid, èròjà tó ń ṣí àbàwọ́n lára igi, tí ẹ pò mọ́ omi pa á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án dànù. Dúdú náà á ṣí lójú yín.

Gbígbẹ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìwàǹwára ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ gbé ọkọ̀ náà wọ abẹ́ òrùlé, ẹ gé èyí tó rọ̀ jù dànù, ẹ ṣí ideri gbogbo àpótí atẹ́gùn, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi yá, ẹ dúró títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 15.

Nígbà tó bá gbẹ tán ni kí ẹ wá gé e dáadáa. Ẹ gé kọjá àmì ṣọ́ọ̀kì wọ inú igi tó yè, sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, yíká-yíká, kí ẹ sì jẹ́ kí igun ihò náà rí roboto, torí pé igun tó bá ṣẹ́ ṣóńṣó ni igi ti máa ń là. Ibi tó ṣòro ni bí àbùlẹ̀ yóò ṣe bá ara ọkọ̀ dọ́gba. Plywood Mirror jẹ́ mílímítà 5. Ẹ ó fi ìfági fá etí ihò náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìlọ́po mẹ́jọ nínípọn rẹ̀, èyí tó jẹ́ mílímítà 40, ẹ ó sì fá etí àbùlẹ̀ bákan náà kó lè jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń fá a, àwọn awẹ́ plywood á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pípọ́n àti funfun, pẹ̀lú ìlà gọ́ọ̀mù tó dúdú láàárín wọn. Àwọn ìlà yẹn ni kí ẹ máa wò. Bí wọ́n bá gún régé, tí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba, gẹ̀rẹ́ yín dára. Ibi tí ìlà bá ti wọ́, ìfági ti jìn jù níbẹ̀. Ẹ rí i pé iṣan igi àbùlẹ̀ kọjú sí ibi tí iṣan igi ara ọkọ̀ kọjú sí.

Bí ibi tó jẹrà bá bọ́ sí abẹ́ àpótí atẹ́gùn tí ọwọ́ kò lè dé ẹ̀yìn rẹ̀, ọgbọ́n mìíràn wà. Ẹ gé ihò náà kó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ gé pákó àtìlẹ́yìn kan tó fi nǹkan bí mílímítà 30 ju ihò náà lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ẹ lu ojú méjì sí i láàárín, kí ẹ sì ki okùn bọ̀ ọ́. Ẹ fi epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olóhun méjì tí à ń pò pọ̀ kó lè le, sí etí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tì í gba inú ihò wọlé, kí ẹ yí i padà nínú, kí ẹ fa okùn náà títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn plywood, kí ẹ wá so okùn mọ́ ọ̀pá tó dábùú ihò lóde. Nígbà tó bá le, ẹ gé okùn kúrò, kí ẹ lẹ àbùlẹ̀ lé e lójú.

Epoxy ni kí ẹ lò fún gbogbo rẹ̀, ẹ má lo polyester. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sára agolo ni kí ẹ fi po ohun méjèèjì tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi kún èyí tó ń mú un le, kó lè yá a gbẹ, yóò rí i pé kò ní le dáadáa láéláé. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun epoxy lásán sí ojú méjèèjì. Etí plywood á fà á mu lójú yín, ibi tó ń dán á tún di bàìbàì. Ẹ tún kùn ún títí kò fi ní fà mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ po ìyẹ̀fun silica tàbí ìyẹ̀fun igi mọ́ èyí tó kù, títí kò fi ní ṣàn bí ẹ bá gbé ọ̀pá ìpò sókè, kí ẹ fi lẹ àbùlẹ̀ náà. Ẹ má fún un pọ̀ jù, nítorí bí gbogbo epoxy bá tú jáde, kò ní sí ohun tó máa so wọ́n pọ̀. Ẹ tẹ́ láílọ́nù sí abẹ́ pákó tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ní Essex, ẹ má ṣe é nígbà òtútù. Epoxy púpọ̀ kì í le bó ti yẹ bí ooru bá wà lábẹ́ 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tó bá le tán, bí ohun kan bá ń yọ̀ lójú rẹ̀, omi àti kànìnkànìn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi sáńpépà há a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bó téèpù àtijọ́ tó bá ti ń ṣí, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ kun epoxy lásán lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí gbogbo igi tó wà ní ìhòòhò, kí ẹ sì fi ọ̀dà bò ó, torí oòrùn máa ń ba epoxy jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ yìí. Ara ẹlòmíràn máa ń kọ epoxy lẹ́yìn tó ti ń lò ó bọ̀, ara náà á máa yún un, á sì máa lé, títí láé ni kò sì ní lè sún mọ́ ọn mọ́.

Plywood tí wọ́n tẹ BS 1088, òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún plywood ọkọ̀ ojú omi, sí lára ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọ́n fi igi gaboon ṣe. Igi yìí ń hù ní orílẹ̀-èdè Gabon àti àyíká rẹ̀, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Ìfúyẹ́ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí Mirror kò ju kílò 45 àti ààbọ̀ lọ nígbà tó wà ní tuntun, àbùlẹ̀ tó bá wúwo á sì mú kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ mọ̀ pé gaboon fúnra rẹ̀ kò lágbára láti kọ ìjẹrà. Gọ́ọ̀mù àárín awẹ́ rẹ̀ ni kì í tú nínú omi. Nítorí náà, etí rẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ wà láìkun epoxy. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa da ọkọ̀ náà dojú dé lórí igi ìdábùú bí ẹ kò bá lò ó, kó má fara kan ilẹ̀, kí ideri àwọn àpótí sì wà ní ṣíṣí.

Ìbéèrè kejì, láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ onígi ni mo fi ń kó èrò àti ẹrù lórí ọ̀sà. Plywood tí a gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ní ìdí ọkọ̀ ti ń mì, omi dúdú sì ń jáde lójú ihò bolt. Káfíńtà mi ní ká fi irin pẹlẹbẹ há a lójú méjèèjì, tàbí ká fi marine board ọjà bò ó. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọkọ̀ náà gbé ẹnikẹ́ni mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń gba pákó yẹn kọjá kí ó tó ti ọkọ̀ síwájú. Omi dúdú tó ń jáde lójú bolt fi hàn pé àárín plywood náà ti jẹrà, ọjọ́ tí ẹ bá sì sáré lójijì ni ẹ́ńjìnnì lè ya kúrò, kí omi sì gba ẹ̀yìn wọlé tèrò-tèrò. Irin pẹlẹbẹ yóò kàn bo egbò náà mọ́lẹ̀ ni. Pákó ìdí yìí kì í ṣe ibi tí à ń lẹ àbùlẹ̀ sí: ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi ìlu dán àwọn egungun ọkọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ wò.

Ní ti marine board, ẹ ṣọ́ra. Èyí tí wọ́n sábà ń fi orúkọ yẹn tà lọ́jà wa ni pákó tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń da kọnkéré, tí ojú rẹ̀ ń dán, tó sì dúdú tàbí pupa rúsúrúsú. Epoxy kì í lẹ̀ mọ́ ojú tó ń dán yẹn, inú ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àlàfo tí omi lè sá sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tọrọ ègé kékeré kan lára pákó tí ẹ fẹ́ rà, ẹ sè é nínú omi híhó fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tún un sè. Bí àwọn awẹ́ rẹ̀ bá ṣí, ẹ fi í sílẹ̀ fún kọnkéré. Ẹ wo etí rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá ihò wà láàárín awẹ́.

Èyí tó bá dára, tó jẹ́ mílímítà 18, ni kí ẹ fi epoxy lẹ̀ pọ̀ ní méjì, kó tó nínípọn tí ẹ́ńjìnnì lè dì mú. Ihò bolt ló wá kù, ibẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ẹ lu ihò náà kó tóbi ju bolt lọ dáadáa, ẹ fi epoxy tí ẹ pò mọ́ ìyẹ̀fun dí i pátápátá, ẹ jẹ́ kó le, kí ẹ wá lu ihò tó bá bolt mu gan-an gba àárín epoxy náà kọjá. Báyìí, bí omi bá tilẹ̀ gba ara bolt wọlé, epoxy ni yóò bá, kò ní kan igi. Nínú ooru tiwa, ẹ má po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dà á sínú àwo tó tẹ́ pẹrẹsẹ; epoxy tó bá pọ̀ nínú ife jíjìn á gbóná, á máa rú èéfín, á sì le kí ẹ tó fi ṣe iṣẹ́ kankan. Àárọ̀ kùtù ló dára jù.

Ìbéèrè kẹta, láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Bàdágrì

Ihò wẹ́wẹ́ kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ṣì le. Ṣé ìjẹrà náà nìyẹn?

Ìdáhùn

Rárá. Kòkòrò inú omi tí wọ́n ń pè ní teredo ló wọ̀ ọ́. Ẹbí ìsán àti àwọn ẹ̀dá oníkarawun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí gbọọrọ bí ekòló. Láti kékeré ló ti ń lu igi wọlé, inú igi ló ti ń tóbi, ìdí nìyẹn tí ojú ihò fi kéré tí inú rẹ̀ sì fẹ̀. Omi oníyọ̀ ló fẹ́, ó sì ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà. Bí ẹ bá wọ́ ọkọ̀ náà gòkè kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí kí ẹ fi í sínú omi odò tí kò níyọ̀, wọn á kú sínú rẹ̀. Pákó tó nípọn ṣeé dí ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ tó ń lé kòkòrò kùn ún. Plywood fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ti lu kò ṣeé dí; ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé fún òǹkàwé wa ní Essex.